Ọmọ Tó Jẹ Ṣokoléètì Màámi

Kí oòrùn tó yọ ni Màámi máa ń ṣe ṣokoléètì, torí pé bí oòrùn Monrovia bá ti gun páànù ilé wa tán, kò sí ọgbọ́n tí ènìyàn lè dá tí kò ní yọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìró ọ̀bẹ rẹ̀ lórí pákó ló máa ń jí mi nílé wa ní Gardnersville, lọ́dún tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Á máa gé ṣokoléètì dúdú tó le bí òkúta sí wẹ́wẹ́, kọ̀-kọ̀-kọ̀, ìyá bàbá mi tí a ń pè ní Ìyá Àgbà á máa kọ orin ìyìn lábẹ́lẹ̀ níbi tó ti ń fẹ́ èédú, àwọn ará ilé kejì á máa fa omi níbi pọ́ǹpù tó ń han bí ẹni pé irin náà ń sunkún. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí. Ogun ti tán, tàbí kí n sọ pé wọ́n ní ó ti tán. Àwọn sójà tó wá ṣọ́ àlàáfíà wà ní gbogbo oríta, ṣùgbọ́n iná mànàmáná kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa, omi ẹ̀rọ kò tíì dé, ihò ọta ìbọn sì wà lára ògiri yàrá wa tí Ìyá Àgbà fi àkísà dí kí ẹ̀fọn má baà gba ibẹ̀ wọlé. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni a ti ń ṣe ìpápánu àwọn olówó.

Obìnrin ará Lẹ́bánónì kan tó ní ilé búrẹ́dì láàárín ìlú ló kọ́ Màámi níṣẹ́ náà kí ogun tó dé. Òun ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣe kéèkì ṣokoléètì tí inú rẹ̀ máa ń rọ̀ tó sì máa ń tutù, òun náà ló kọ́ ọ ní èyí tó ń pè ní tírọ́fù. A óò gbé mílíìkì olọ́ràá kaná, bó bá ti fẹ́ hó, a óò dà á lé ṣokoléètì tí a ti gé, a óò fi bọ́tà sí i, Màámi á sì máa rò ó sí ọ̀nà kan ṣoṣo títí yóò fi máa dán bíi bàtà tuntun. Lẹ́yìn ìyẹn a óò gbé e sínú ọpọ́n yìnyín tí a ti rà lálẹ́ àná. Bó bá ti dì, Màámi á ki ọwọ́ bọ omi yìnyín, á nù ún, á wá máa yí i róbótó-róbótó láàárín àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, á sì yí i nínú ẹ̀tù kòkó. Ìyá Àgbà ní ìgbẹ́ ewúrẹ́ ló jọ. Oko kòkó ni wọ́n bí Ìyá Àgbà sí ní Ìdànrè, ó sá kòkó títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi tẹ̀, kò sì mọ̀ pé wọ́n ń jẹ ẹ́ àfìgbà tó di arúgbó nílùú onílùú. "À ń rù ú lọ fún òyìnbó," ló máa ń wí, "èmi rò pé ẹ̀tù ìbọn ni wọ́n ń fi ṣe." Bó bá sọ báyìí, Màámi á rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ẹ̀rín díẹ̀ yẹn ni gbogbo ẹ̀rín tó kù lára rẹ̀.

Irú mẹ́ta ni ṣokoléètì tó ń wọ ilé wa. Èyí tó dúdú jù, tí kò ní ṣúgà rárá, kéèkì ni Màámi fi ń ṣe, òun sì ni òun fúnra rẹ̀ fẹ́ràn jù lọ. Á fi ègé kékeré sábẹ́ ahọ́n bó bá ń ṣiṣẹ́, á fún ojú pọ̀ bí ẹni tó ń lo oògùn, kò sì ní tu ú dànù. Èyí tó ní ṣúgà díẹ̀ ni ti tírọ́fù. Ẹ̀kẹta, oní mílíìkì, tó wà nínú bébà tó ń dán, ti jíjẹ lásán ni, kì í jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án àfi lọ́jọ́ Kérésìmesì. Ní tèmi, ìkòkò ni mo fẹ́ràn. Ẹ̀tọ́ mi ni kí n jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ro gbogbo ẹ̀ tán, kí n gbé ìkòkò náà lé itan, kí n fi ìka há gbogbo ara rẹ̀. Kò sí ẹlòmíràn nínú ilé tó ń bá mi dù ú. Bí ọwọ́ mi bá ti dúdú dé ọrùn ọwọ́, Ìyá Àgbà á bi mí pé ṣé mo ti wá di atún-ọkọ̀-ṣe.

Bí wọ́n bá ti tò ó sínú kúlà tán, Màámi á gbé e lọ sí àwọn ọ́fíìsì òyìnbó láàárín ìlú. Ní ọjọ́ Sátidé, èmi àti òun a máa lọ sí ọjà Rally Time lọ ra ṣúgà, mílíìkì agolo àti bọ́tà. Mo kórìíra ọ̀nà yẹn. Kì í ṣe nítorí ẹrù tàbí oòrùn. Fótò kan wà nínú báàgì Màámi, tó fi ọ̀rá búrẹ́dì dì, bí a bá sì ti dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni tó kó ẹrù wá láti ìgbèríko, kó tó béèrè iye tí wọ́n ń ta nǹkan, fótò ni yóò kọ́kọ́ mú jáde. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ọmọ yìí. Ó ti dàgbà ju báyìí lọ o. Ẹ fojú inú wò ó bí ẹni tó ti ga." Wọ́n á wò ó, wọ́n á mirí. Àwọn kan kì í tilẹ̀ wò ó. Èmi á dúró sẹ́yìn rẹ̀, á máa tì mí lójú, á sì máa ṣe mí bíi pé kí fótò náà bọ́ sínú ẹrẹ̀.

Ọmọ inú fótò náà ni ẹ̀gbọ́n mi, Bámidélé. Àárín ìlú ni a ń gbé nígbà náà, ọmọ ọdún mẹ́jọ ni òun, èmi jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta. Nígbà tí ìjà wọ ìgboro, bàbá mi di Délé lọ́wọ́ mú, Màámi pọ̀n mí, Ìyá Àgbà di aṣọ Màámi mú, gbogbo wa sì ń sá lọ pẹ̀lú èrò. Níbi tí ọ̀nà ti fún, ìbọn bẹ̀rẹ̀ sí í dún láti ẹ̀gbẹ́, èrò ya. Nígbà tí ìgboro rọ̀, àwọn aládùúgbò rí bàbá mi, wọ́n sì bá wa sin ín. Wọn ò rí Délé. Ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀ kò ju ohun tí wọ́n sọ fún mi lọ, wọn kì í sì í sọ púpọ̀. Bí Màámi bá tiẹ̀ ń wò mí nígbà míì, mo máa ń rò pé ó ń ronú pé èmi tí òun pọ̀n ni mo ṣẹ́kù, èyí tí òun fi lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ ni kò sí. Ó lè má rò bẹ́ẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n ohun tí mo gbà gbọ́ lọ́mọdé nìyẹn, inú ìgbàgbọ́ yẹn ni mo sì gbé ṣe ohun tí mo ṣe.

Sójà ọmọ Yorùbá kan wà nínú àwọn tó wá ṣọ́ àlàáfíà, Sájẹ́ńtì la ń pè é. Ó máa ń yà sílé wa ra kéèkì, ṣùgbọ́n mo rò pé nítorí àtigbọ́ Yorùbá lẹ́nu Ìyá Àgbà ló ṣe ń wá. Caldwell ni ibùdó wọn wà, lẹ́bàá odò Saint Paul, níbi tí àgọ́ àwọn tí ogun lé kúrò nílé wà pẹ̀lú. Lọ́jọ́ kan nígbà òjò, ọkọ̀ wọn dúró lẹ́nu ọ̀nà wa, Sájẹ́ńtì bọ́ sílẹ̀, ó di ọ̀dọ́mọkùnrin kan lọ́wọ́ mú. Ọmọ náà tínrín, ó ga, àpá kan wà láti etí rẹ̀ dé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní bàtà.

"Ìyá Délé," Sájẹ́ńtì pariwo láti ìta, "ẹ jáde! Ẹ wá gbọ́ nǹkan!"

Màámi jáde pẹ̀lú ẹ̀tù kòkó lọ́wọ́ méjèèjì. Sájẹ́ńtì ní òun bá ọmọ yìí níbi tó ti ń fọ abọ́ ní àgọ́, tó ń fi imú kọ orin kan lábẹ́lẹ̀, òun fetí sí i, Yorùbá ni. Òun bi í pé níbo ló ti kọ́ ọ, ó ní orin tí bàbá kan fi ń wẹ ọmọ rẹ̀ ni. Ó yíjú sí ọmọ náà. "Kọ ọ́ fún wọn. Má bẹ̀rù."

Ọmọ náà wo ilẹ̀. Ó kọ ọ́ wẹ́rẹ́, Yorùbá náà wọ́ lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò ní gbọ́ ọ: "Omi rèé, ọṣẹ rèé, Bámidélé o, ìdọ̀tí ti wọkọ̀ lọ sí Ìdànrè."

Mi ò mọ orin náà rí. Ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà jókòó lulẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Bàbá mi fúnra rẹ̀ ló ṣe orin yẹn fún ọmọ rẹ̀, kò sí nínú ìwé, wọn kì í kọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, kò sì sí ọmọ mìíràn láyé tí wọ́n fi wẹ̀. Màámi ò kígbe. Ó rìn lọ bá ọmọ náà, ó gbá a mọ́ra pẹ̀lú ọwọ́ ẹlẹ́tù yẹn, àmì ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì yà sẹ́yìn ṣẹ́ẹ̀tì ọmọ náà. Ọmọ náà dúró gbagidi, apá rẹ̀ sọ̀ sílẹ̀. Ó la ẹnu bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀. Màámi ní, "Má sọ nǹkan kan. Wọlé."

Nínú ilé, wọ́n fi í jókòó sórí àga bàbá mi tí a kó wá láti ilé wa àtijọ́. Màámi kò rí oúnjẹ tó sè tán lójú ẹsẹ̀, ó gbé àwo tírọ́fù tí a fẹ́ gbé lọ sí ọ́fíìsì lọ́jọ́ kejì síwájú rẹ̀. Ọmọ náà mú ọ̀kan, ó wò ó, ó fi sẹ́nu. Ó di ojú. Ó mú èkejì, ẹ̀kẹta, ó jẹ mẹ́rin, omijé sì ń ṣàn lójú rẹ̀ bó ti ń jẹ ẹ́. Mo ń ka iye tó jẹ, nítorí pé wọn ò jẹ́ kí èmi jẹ odindi ọ̀kan rí. Torí pé mo ń ṣọ́ ọ bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe rí ohun tí Sájẹ́ńtì kò rí. Mo rí i tí Ìyá Àgbà wo Màámi. Mo rí i tí Màámi wo àwo náà, tó wo ojú ọmọ náà, tó wá yí padà lọ síbi iná. Nígbà tó padà wá, ó ti nu ọwọ́. Ó bi í pé, "Ṣé ó dùn?"

"It sweet, Ma," ló fi Gẹ̀ẹ́sì Làìbéríà dáhùn.

Bó ṣe di ọmọ ilé wa nìyẹn. Wọ́n fún un ní ibùsùn mi, èmi lọ bá Ìyá Àgbà lórí ẹní. Wọ́n ra bàtà fún un ní Rally Time, Màámi sì gba ọ̀nà ibẹ̀ kọjá láìmú fótò jáde. Ó mọ iṣẹ́ ṣe, mi ò lè purọ́ mọ́ ọn. Òun ló ń fa omi, òun ló ń gbé kúlà, kò sì pẹ́ tí Màámi fi kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gé ṣokoléètì. Ọwọ́ rẹ̀ tutù láti ilẹ̀ wá, tírọ́fù kì í yọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ bó bá ń yí i. Bí mo bá jí, ìró ọ̀bẹ méjì ni mo ń gbọ́. Bí wọ́n bá ṣe tán, Màámi á gbé ìkòkò náà fún un pé, "Délé, gbà, há a." Ní ìgbà àkọ́kọ́, ó fẹ́ kí a jọ há a. Ó na ìkòkò náà sí mi, ó ní, "Small sister, come." Mo tutọ́ sílẹ̀. Ìyá Àgbà gbá mi létí, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láyé mi.

Ọjọ́ kan tí èmi àti Ìyá Àgbà ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì, mo bi í pé kí ló dé tí òun àti Màámi fi wo ara wọn lọ́jọ́ tí Délé dé. Ó ń ṣa ìrẹsì lọ. Mo tún bi í. Ó wo ẹnu ọ̀nà kó tó sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n rẹ kì í jẹ ṣokoléètì," ó ní. "Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin, ó jí ègé kan jẹ lórí pákó ìyá rẹ. Kí a tó mọ̀, ojú rẹ̀ ti wú débi pé kò lè là á, ọ̀fun rẹ̀ ti dí. Bàbá rẹ gbé e sáré lọ sí ọsibítù láìwọ ẹ̀wù. Dókítà ní bó bá tún tọ́ ọ wò, ó lè pa á. Láti ọjọ́ náà ni ìyá rẹ ti ń ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná mọ́ ọn."

"Nígbà náà, ẹni yìí kì í ṣe Délé."

"Ìyá rẹ lójú."

"Ìyá Àgbà, ṣé ẹ̀yin náà mọ̀? Kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

"Mo ní ìyá rẹ lójú, Mọ́rẹ́nikẹ́. Ohun tó ń ṣe, ó mọ̀ ọ́n. Dákẹ́, kí o sì ṣa ìrẹsì."

Mo dákẹ́. Oṣù mẹ́ta ni mo fi dákẹ́, ọ̀rọ̀ náà sì ń korò lẹ́nu mi bíi ṣokoléètì aláìníṣúgà yẹn. Bí mo bá rí i tí Màámi ń bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lú sùúrù, tó ń bi í ní ìbéèrè kéékèèké nípa bí ọjọ́ ṣe rí, tí kì í sì í bi í nípa ogun rárá, màá dìde jáde síta. Mo rò pé ó ti rí ọmọkùnrin mìíràn fi dípò èyí tó sọnù. Mo rò pé bí èmi bá sọnù, bóyá ni yóò mú fótò mi lọ sọ́jà. Lónìí tí mo ti bí ọmọ tèmi, mo mọ̀ pé obìnrin kan lè mọ òtítọ́ kó sì jókòó tì í láìfọwọ́ kàn án, bí a ṣe ń jókòó ti ọmọ tí ibà ń ṣe. Lọ́dún yẹn, mi ò mọ̀.

Àwọn ará ìjọ wa ló ní ó yẹ kí a dúpẹ́. Àwọn Yorùbá tó wà nínú ìjọ náà kò pọ̀, gbogbo wọn ló mọ ìtàn Délé, wọ́n sì fẹ́ rí i. Màámi ti ń fi ọjọ́ náà falẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó di ìparí òjò, kò rí àwáwí mọ́. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú kan, Pásítọ̀ àti àwọn bí ogún wá sí àgbàlá wa. Màámi ti ṣe kéèkì ṣokoléètì onípele mẹ́ta, ó fi ṣokoléètì yíyọ́ bò ó, ó to tírọ́fù yí etí rẹ̀ ká. Kéèkì tó rẹwà jù tí mo tíì rí lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ìyá Àgbà wọ aṣọ òkè rẹ̀ kan ṣoṣo tí ogun kò kó lọ. Pásítọ̀ gbàdúrà, ó fi ọ̀bẹ lé ọmọ náà lọ́wọ́, ó ní kó gé e, kó sì kọ́kọ́ jẹ, kí gbogbo wa rí i pé Ọlọ́run dá ohun tó sọnù padà.

Ọmọ náà gé e. Ó gbé ègé náà sókè. Gbogbo ènìyàn ń pàtẹ́wọ́. Ó wá yíjú sí mi, ó sì na ègé náà sí mi, kí èmi kọ́kọ́ jẹ. Mi ò lè ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni títí di òní, ṣùgbọ́n inúure yẹn ni mi ò lè fara dà.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi kì í jẹ ṣokoléètì. Bó bá jẹ ẹ́, ojú rẹ̀ á wú, á kú. Ẹ bi Ìyá Àgbà." Nígbà tí mo rí i pé àwọn kan kò gbọ́ Yorùbá, mo tún fi Gẹ̀ẹ́sì Làìbéríà sọ ọ́ ketekete, mo na ìka sí i, mo ní kì í ṣe ọmọ màmá mi.

Ìpàtẹ́wọ́ náà kú. Obìnrin àgbàlagbà kan láti ìjọ fọwọ́ bo ẹnu, ó ní, "Yéè, òtítọ́ ni o. Mo rántí. Èmi àti ìyá rẹ̀ la jọ sùn ní ọsibítù lọ́jọ́ náà." Pásítọ̀ wo Màámi. Gbogbo ènìyàn wo Màámi. Mo ń retí kó sọ̀rọ̀, kó lé e, tàbí kó lù mí. Màámi ń wo ọmọ náà nìkan, ó sì ń mi orí díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má lọ. Ọmọ náà rọra gbé kéèkì náà lélẹ̀. Ó gbé ọ̀bẹ tì í. Ó bá ẹ̀yìn ilé lọ. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í dìde lọ́kọ̀ọ̀kan láìjẹun. Nígbà tí àgbàlá ṣófo, Màámi sọ fún mi pé, "Kó àwọn àwo nílẹ̀." Kò tún sọ nǹkan mìíràn fún mi lọ́jọ́ náà, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ lọ́jọ́ kejì.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì yẹn, mo lọ fa omi fúnra mi. Mo bá a níbi pọ́ǹpù. Ó ti bọ́ bàtà tí wọ́n rà fún un, ó so wọ́n pọ̀, ó gbé wọn lélẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Mo fẹ́ yí padà, ó ní kí n jọ̀ọ́ kí n dúró. Gẹ̀ẹ́sì Làìbéríà ló ń sọ, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń bá àgbàlagbà sọ̀rọ̀.

Ó ní orúkọ òun ni Flomo. Ó ní òun kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun ni Délé, Sájẹ́ńtì ló sọ ọ́, nígbà tí òun sì fẹ́ sọ òtítọ́ lẹ́nu ọ̀nà, Ol' Ma, bó ṣe ń pe Màámi, ti gbá òun mọ́ra, kò sì sí ẹni tó gbá òun mọ́ra rí láti ìgbà tí òun ti gbọ́njú. Ó ní àwọn oníbọn ló kó òun àti Délé pọ̀ nínú igbó kí wọ́n máa ru ẹrù, ìdí odò ni Délé ti kọ́ òun ní orin yẹn, kí àwọn má baà gbàgbé pé wọ́n ti wẹ àwọn rí. "Ó máa ń sọ nípa ìyá rẹ̀ tó ń ṣe nǹkan dídùn tí òun kò lè jẹ. Ó ní bí mo bá dé ibẹ̀ ṣáájú òun, kí n jẹ tèmi, kí n jẹ tirẹ̀ pẹ̀lú. Ìdí nìyẹn tí mo fi jẹ ẹ́ lọ́jọ́ náà." Ó nu imú. "Lójoojúmọ́ ni mo ń fẹ́ sọ ọ́ fún Ol' Ma. Mi ò rí ẹnu. Bá mi sọ ọ́. Sọ fún un pé Délé ti kú. Èmi ni mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Sọ fún un pé—"

Mo gbé korobá mi, mo sá. Omi dà sí mi lẹ́sẹ̀ títí mo fi délé. Mo gbọ́ ọ tó pè mí, "Small sister," lẹ́ẹ̀kan, mi ò wẹ̀yìn. Nígbà tí Màámi jáde síta tó ń wá a, bàtà nìkan ló bá. Ó lọ sí Caldwell lọ́jọ́ náà, ó lọ lọ́jọ́ kejì, ó wá a ní àgọ́ àti lẹ́bàá odò, Sájẹ́ńtì bá a wá a títí wọ́n fi kó àwọn sójà rẹ̀ padà sílé. Kò sí ẹni tó rí i.

Mi ò sọ ohun tó sọ fún mi. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ̀rù ló bà mí: bí mo bá sọ pé Délé ti kú, èmi ni yóò dà bí ẹni tó pa á. Lẹ́yìn náà, ó ti pẹ́ jù, ọ̀rọ̀ tí ènìyàn kò sọ lọ́dún kan kì í rọrùn láti sọ lọ́dún kejì. Ìyá Àgbà kú láìgbọ́ ọ. Màámi ń ṣe ṣokoléètì lọ, orúkọ rẹ̀ sì kàn ní Monrovia, àwọn tó fẹ́ ṣègbéyàwó ń wá a láti ibi tó jìnnà. Kò bá mi jà. Ó rán mi lọ síléèwé, ó ṣe ìgbéyàwó fún mi, ó wẹ àwọn ọmọ mi. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ Àìkú yẹn, bó bá ti ro tírọ́fù tán, ó máa ń bu omi sínú ìkòkò náà fúnra rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ó sì máa ń fọ̀ ọ́.

Nígbà tí àìsàn tó gbé e lọ dá a dùbúlẹ̀, ọ̀dọ̀ mi ló wà. Ní ọ̀sán kan tí mo ń fi ṣíbí fún un ní ògì, ó dá mi dúró. Ó ní, "Mọ́rẹ́nikẹ́, ṣé o mọ̀ pé mo ti mọ̀ láti ọjọ́ kìn-ín-ní pé ọmọ yẹn kì í ṣe Délé?"

Mo ní mo mọ̀.

"Àmọ́ orin bàbá rẹ wà lẹ́nu rẹ̀. Ẹnu Délé nìkan ló ti lè gbọ́ ọ. Mo mọ̀ pé ó wà lọ́dọ̀ ọmọ mi, mo sì mọ̀ pé ohun tó rí níbẹ̀ ti pọ̀ jù fún un. Mo ní kí n máa fún un lóúnjẹ, kí ara rẹ̀ balẹ̀, lọ́jọ́ kan á sọ fún mi. Ó ti ń sún mọ́ ọn. Ní ọ̀sẹ̀ ìdúpẹ́ yẹn, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó dákẹ́."

Mo gbé abọ́ ògì sílẹ̀. Mo sọ ọ́ fún un nígbà náà, gbogbo rẹ̀: pọ́ǹpù, orúkọ Flomo, odò, ohun tí Délé ní kó jẹ, pé Délé ti kú, pé Flomo wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Mo ń sunkún, Màámi kò sunkún. Ó fetí sí i títí mo fi parí. Ó wá na ọwọ́ tútù tó ti fi yí ṣokoléètì fún nǹkan bí ogójì ọdún, ó di ọwọ́ mi mú.

"Níbo ni wọ́n sin ín sí?" ó bi mí. "Ṣé ó jẹ̀rora?"

Mo ní, "Màámi, mo ti sá kó tó débẹ̀. Mi ò dúró gbọ́ ọ."

Ó wò mí pẹ́. Kò sí ìbínú lójú rẹ̀, ì bá rọrùn fún mi bó bá wà níbẹ̀. Ó fi ọwọ́ mi sílẹ̀, ó sì yíjú sí ògiri. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló tún lò láyé lẹ́yìn ìyẹn. Ó bá mi sọ̀rọ̀ nípa ilé, nípa àwọn ọmọ mi, nípa aṣọ tó fẹ́ kí a fi sin òun. Kò dárúkọ Délé mọ́.